Ìkòkò Aláró Lórí Omi Òkun

Ọjọ́ tí ẹja kejì kú, ọkọ mi kò jẹun. Ó jókòó síwájú àpótí dígí rẹ̀, ó ń wo ẹja kékeré náà tó dojú ikùn sókè, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tó ti wálé.

Ó ní, "Sàlámọ̀tù, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo tún máa gbìyànjú. Bíyẹn náà bá kú, mo ń padà sójú omi. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi láti Àpápá pé àyè mi ṣì wà nínú ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò yà mí lẹ́nu. Làtífù ọkọ mi ti ń bá ọkọ̀ òyìnbó rin ìrìn àjò kí n tó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ kúùkù ló ń ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn tó gbé mi níyàwó láti Àpòmù wá sí Ìkirè, bí àlejò ló ṣe ń wálé: ó dé, ó sùn, ó lọ. Ìbílọlá ọmọ wa ti ń sáré kiri kó tó mọ ojú bàbá rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé òmìnira ló wá kó ẹrù rẹ̀ wálé, tó ní òun ò lọ mọ́. Inú mi dùn, mo pa adìyẹ. Àṣé ara rẹ̀ nìkan ló délé. Ó máa jí, ó máa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ó ní Ìkirè dákẹ́ jù, òun ò gbúròó omi, oorun ò kun òun.

Mo mọ iyì ọkọ mi o. "Ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, àfi bí inú bá ń bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mo ń sọ yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é bó ṣe rọ̀ mí lẹ́nu.

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gba ilé mọ́ ló kan àpótí dígí. Ó ní òun rí irú ẹ̀ rí nílùú òyìnbó, nílé ẹnjiníà ọkọ̀ wọn, tí ẹja òkun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú pálọ̀ bí ọmọ onílé. Ó gé dígí, ó fi irin dè é létí, ó kun irin náà ní ọ̀dà kí iyọ̀ má baà jẹ ẹ́, ó gbé e ka orí tábìlì. Sàídì, dẹ́rẹ́bà tó ń fi lọ́rì ná Èkó, ló bá a bu omi òkun wá. Gbogbo àdúgbò wá tọ́ ọ wò, wọ́n sì ń tutọ́.

Gàrúbà, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta kòkó ní Àpòmù, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn lẹ́yìnkùlé wa, ọkọ rẹ ń fi lọ́rì kó omi wá láti Èkó. Ẹ bu omi odò, kẹ́ ẹ da iyọ̀ sí i, òkun náà nìyẹn." Kó tó relé, ó tún ju ọ̀kan sílẹ̀: ó ní bóyá Làtífù ò tiẹ̀ kúrò ní Àpápá rí, pé ẹrù ló ń rù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọkọ mi wọra.

Ohun tí Gàrúbà ò mọ̀ ni pé omi inú àpótí kì í ṣe omi odò. Odò ń ṣàn, ó ń gbé ẹ̀gbin ara rẹ̀ lọ. Ẹja inú dígí, ibi tó ti ń jẹ ló ti ń yàgbẹ́, ibẹ̀ náà ló ti ń mí. Bí kò bá sí ohun tí yóò máa sẹ́ omi náà, májèlé ara rẹ̀ ni yóò pa á. Ọkọ mi mọ èyí dáadáa. Ohun tí yóò fi sẹ́ ẹ ló di ìjà.

Ẹ̀rọ òyìnbó ló kọ́kọ́ fi ṣe é. Àpótí kékeré kan ni, èédú àti òwú ló wà nínú ẹ̀, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló sì yẹ kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kí omi lè máa gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí iná lójúlé wa. Ọkọ mi bá so páǹpù kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, ó ń fi ọwọ́ fún un bí ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Apá rẹ̀ wú. Oorun gbé e lọ lórí àga, ẹja àkọ́kọ́ sì kú.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní òun ò sẹ́ nǹkan kan mọ́, gbogbo ìgbà tí Sàídì bá ti Èkó bọ̀ lòun ó máa pààrọ̀ omi. Garawa kẹrosíìnì ni Sàídì fi ń bù ú. A fi eérú fọ garawa náà, a tún un fọ̀, a sá a sóòrùn. Síbẹ̀, nígbà tí a da omi náà sínú dígí, mo rí ọ̀rá kan tó tàn yinrin lójú omi bí òṣùmàrè. Ẹja kejì ò rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Sàídì gbé ẹja kẹta dé nínú ìgò ńlá. Ó kéré, ó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ilà dúdú sì là á láti ẹ̀yìn dé ikùn. Mo sọ ọ́ ní Abilà. Ọkọ mi gbé e sínú omi tuntun tó wá nínú ìgò mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́: ṣé kóun ra ẹ̀rọ tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa bú ramúramù nínú ilé, àbí kóun máa fi ìgò pààrọ̀ omi? Ti àkọ́kọ́, ariwo. Ti èkejì, bí lọ́rì Sàídì bá bà jẹ́ lọ́nà, ó parí.

Àárín méjèèjì ló wà nígbà tí mo ti ibi aró dé. Aláró ni mí, ọwọ́ mi dúdú dé ìgúnpá. Mo ní, "Bàbá Ìbílọlá, ẹ dákun, ẹ wá wo nǹkan kan."

Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò dé ibi aró mi rí. Mo mú un lọ síwájú ìkòkò méjì tí mo tò lé ara wọn. A ti lu ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sí ìdí tòkè, eérú ló wà nínú ẹ̀. Mo da omi lé e. Ó pẹ́ díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, ó mọ́ kedere, kò sí eérú kankan nínú rẹ̀.

Ọkọ mi tẹ̀ ba, ó ń wò ó. "Kí ló ń ti omi yìí?"

"Ìwúwo ara rẹ̀ ni. Kò bẹ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí mo tún fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi kì í gba nǹkan wẹ́rẹ́. Ó ní eérú yóò pa ẹja. Mo ní ta ló sọ eérú, iyanrìn odò la máa lò, nínú ìkòkò tuntun tí aró ò kàn rí. Ó ní ta ni yóò máa gbé omi láti inú dígí lọ sókè? Mo ní igbá ni, ẹni tó bá ti gba pálọ̀ kọjá á bu igbá kan kó tó lọ. Ó ronú sí i, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ọkọ̀ nìyẹn, kálukú ní wákàtí tirẹ̀ tí yóò fi ṣọ́nà. Ó ní ìkòkò kan tó. Mo ní méjì ni, nítorí omi tó bá gba iyanrìn kan kọjá ṣì lè gbé nǹkan lọ́wọ́. A jiyàn lórí èyí títí ìrẹsì fi jóná. Èmi ni mo borí.

Kí n má parọ́, òun náà mọ ohun tí mi ò mọ̀. Òun ló ní ká fọ́ èédú sí abẹ́ iyanrìn. Òun ló ní ká gbé ìkòkò náà ga sókè dígí dáadáa, kí omi máa já bọ́ láti òkè, pé ibẹ̀ ni yóò ti mú atẹ́gùn fún ẹja. Ó fi ọ̀dà fa ìlà sára dígí. Ó ní bí omi bá fà dé ìsàlẹ̀ ìlà, omi òjò ni ká fi kún un, kì í ṣe omi òkun, nítorí omi ló ń bá oòrùn lọ, iyọ̀ kì í lọ.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dára. Omi dà bí omi ẹ̀kọ, Abilà sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta. Ọkọ mi fẹ́ kó iyanrìn jáde kó lọ fọ̀ ọ́. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Mo ní, "Aró tuntun kì í mú aṣọ lọ́jọ́ tí a pò ó. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ dín oúnjẹ ẹja kù, kẹ́ ẹ fi ìkòkò sílẹ̀."

Ó fi sílẹ̀, tìbínú-tìbínú. Nígbà tó yá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo iyanrìn náà, àwọ̀ ilẹ̀, ó ń fà bí ilá. Bí nǹkan yẹn ṣe ń pọ̀ nínú ìkòkò ni omi dígí ń mọ́, títí ó fi mọ́ débi pé àlejò kan na ọwọ́ kó tó mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Abilà jáde. Ó ń yan kiri nínú dígí bí ọba kékeré, a sì ń gé ekòló wẹ́wẹ́ fún un.

Ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Omi tó ń kán láti ìkòkò ló ń gbọ́, tó, tó, tó, oorun á gbé e lọ. Mo máa ń dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ kò tíì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n tún ránṣẹ́ láti Àpápá pé ọkọ̀ ń ṣí ní Sátidé, pé kó fi èsì rán Sàídì tàbí kó bá a wá. Ó ní kí n jẹ́ kóun wo bí ẹja ṣe máa ṣe dé ọjọ́ náà. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ńkọ́, ṣé ẹja ló fẹ́ ni àbí èmi. Mo mú igbá, mo bu omi sókè.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn ni nǹkan bà jẹ́.

Ìyá ọkọ mi, Ìyá Nàfísátù, ti wà ní Gbọ̀ngán nílé ọmọ wọn obìnrin tó bímọ, wọn ò sí nílé látìgbà tí a ti to ìkòkò. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe rí: àmù ilé ni ẹ̀rí obìnrin. Bí àlejò bá bomi mu nínú àmù tó ń yọ̀, ìròyìn á ti dé Àpòmù kí ó tó dé ilé ara rẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ Jímọ̀ ni ìyá ọkọ mi ń fọ àmù, kò yẹ̀ rí. Wọ́n rí ìkòkò méjì nínú pálọ̀, wọ́n yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n rí ẹ̀gbin tó ń fà. Wọ́n káàánú mi. Wọ́n rò pé iṣẹ́ aró ni kò jẹ́ kí n ráyè.

Ibi aró ni mo wà, ọkọ mi sì ti lọ wẹ̀ fún Jímọ̀. Wọ́n gbé ìkòkò òkè wá sẹ́yìnkùlé, wọ́n kó iyanrìn inú rẹ̀ sínú agbada, wọ́n fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n fẹ́ fọ ìkejì nígbà tí wọ́n gbọ́ ìpè ìrun, wọ́n bá fi sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá dé.

Nígbà tí mo wọlé, ọkọ mi ti mọ́ṣáláṣí dé, ó dúró níwájú dígí, kò bọ́ agbádá. Ìfófòó bo ojú omi. Abilà wà lókè pátápátá, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé.

Ìyá Nàfísátù wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. "Ìyàwó, mo bá ẹ fọ ìkòkò rẹ. Ó ti dọ̀tí jù."

Inú bí mi, orí mi gbóná. Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo wo ojú ìyá arúgbó náà, mo rí i pé wọ́n ń retí kí n dúpẹ́. Ọkọ mi kò bínú rárá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn sọ wẹ́lẹ́ pé, "Ó ti tán," ó sì yíjú sí yàrá.

Mo ní, "Níbo lò ń lọ?" Mo gbàgbé "ẹ" pátápátá. "Ẹja ò tíì kú. Bọ́ agbádá yẹn, wá gbé ìkòkò."

Ó dúró. Ó bọ́ agbádá.

Mo da iyanrìn ọlọ́ṣẹ nù, gbogbo rẹ̀. A gbé Abilà sínú ọpọ́n pẹ̀lú omi òkun tó kù nínú ìgò, a da omi ìfófòó nù. Iyanrìn odò tuntun wà nílẹ̀, ọkọ mi fi omi lásán ṣàn án, ó kó o sínú ìkòkò òkè. Ó wò mí, ó ní, "Iyanrìn tuntun ni. Ó di oṣù tó ń bọ̀ kó tó mọ iṣẹ́. Ẹja ò lè dúró dè é."

Èmi ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò ìsàlẹ̀, èyí tí ìyá ò tíì fọ̀. Mo bu iyanrìn jáde, ó ń fà bí ilá, ó ń rùn bí odò. Kò sí aláró tó ń fi ọṣẹ fọ ìkòkò aró. Bí a bá pò aró tuntun, ìdí aró àná la ń bù sí i, òun ló ń jí i. Mo pín iyanrìn dídọ̀tí náà sí méjì, mo tẹ́ ìdajì lé orí iyanrìn tuntun lókè, mo fi ìdajì sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Mo ní, "Kò níí dúró de oṣù tó ń bọ̀. A ti fún un ní àgbà tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́."

A da omi òkun sí dígí, kò tó ìdajì, a dá Abilà padà. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo mú igbá, mo ń bù, mo ń dà sókè. Ó rẹ̀ mí, ọkọ mi gbà á. Ó rẹ òun náà, ìyá rẹ̀ gba igbá, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n ń bù bí ọmọge. Wọ́n ti mọ̀ pé nǹkan ṣe. Wọ́n ń bù, omijé ń bọ́ lójú wọn, mo sì sọ fún wọn pé, "Ìyá, ẹ má sunkún. Ìkòkò tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ló ń gbà wá yìí."

Ìgbà yẹn ni Gàrúbà dé láti Àpòmù. Ó mú dòdò Ìkirè tó rà lójú ọ̀nà dání nínú ewé, ó wá kí àna rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti mú fún ẹ̀fẹ̀. Kò rí àyè ṣe é. Mo ju igbá sí i lọ́wọ́. Ó bu àkọ́kọ́, ó ń kùn. Ó bu ìkejì, ó tẹ̀ ba láti wo ẹja náà. Nígbà tó ṣe, òun ló ń lé wa pé ká má dúró, pé ẹja ti mi apá. Ó ní, "Làtífù, irú èyí wà lókun lóòótọ́?"

Ọkọ mi ní, "Wọ́n pọ̀ bí eṣinṣin."

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí Abilà dìde. Ó kọ́kọ́ yí po òkúta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ilé òun náà ni. Ọkọ mi gé ekòló díẹ̀ sí i. Ó fò mọ́ ọn, ó gbé e mì. Gàrúbà ké tí àwọn aládùúgbò fi sáré wọlé, wọ́n rò pé olè ni. Ìyá Nàfísátù ní "Alùhámúdù lílàhì," wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì jẹ gbogbo dòdò tó wà nínú ewé láìfún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Abilà ń lúwẹ̀ẹ́, omi ń kán. Mo ń gbálẹ̀ lójúde nígbà tí lọ́rì Sàídì dúró, ó fun fèrè. Mo di ìgbálẹ̀ mú, mi ò gbá ilẹ̀ mọ́. Ẹja yè, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lọ kì í wá ìdí tì.

Sàídì yọ orí jáde. "Bùrọ̀dá Làtífù, ship go comot today o. Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ ni?"

Ọkọ mi jáde nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, igbá lọ́wọ́, omi ń kán lára rẹ̀. Kò wo ojú ọ̀nà bó ṣe máa ń wò ó. Èmi ló wò, tọ́wọ́ mi dúdú fún aró, tí mo dúró bí òpó.

Ó ní, "Sàídì, sọ fún wọn pé mo ti délé."

Sàídì ní, "Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti délé." Ọkọ mi ní rárá, àná ni.

Mi ò lè dúró mọ́. Mo jókòó sórí ìdọ̀tí tí mo ti gbá jọ, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, Ìbílọlá sì ń bi mí pé kí ló dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ojú omi yẹn ṣí kúrò ní Àpápá, ọkọ mi ò sì sí nínú ẹ̀.